Ṣónṣó Kẹfà

Bí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò wa pé èmi aránṣọ ni mo fa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lé káfíńtà lọ́wọ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Aṣọ ni mo rán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, ìràwọ̀ ló fà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, olùkọ́ ni ní jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló ń kọ́. Àǹtí Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ tí kò lè fi ìràwọ̀ kọ́ wọn. Bó bá fẹ́ kí wọ́n mọ àwọ̀, ìràwọ̀ pupa àti ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé ni wọn yóò máa ṣà sọ́tọ̀. Bó bá fẹ́ kọ́ wọn níwà, ẹni tó bá yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pẹ́ńsùlù yóò gba ìràwọ̀ bébà kan síwájú orí, yóò sì wọ̀ ọ́ délé fún ìyá rẹ̀ wò. Ní sáà tí mò ń wí yìí, ó wá ní òun fẹ́ kí wọ́n rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Mo ní, "Ìràwọ̀ ọ̀sán kẹ̀? Ṣé o fẹ́ ní kí oòrùn lọ sinmi ni?"

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi rán aṣọ tó máa bo fèrèsé."

Mo rán an. Aṣọ búlúù tó ṣú dẹ̀dẹ̀ ni, ó bo fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin látòkè délẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gba abẹ́rẹ́ ńlá lọ́wọ́ mi, tó ń dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára títí ìka rẹ̀ fi wú. Nígbà tí a gbé aṣọ náà kọ́, tí a ti ilẹ̀kùn, oòrùn gba inú àwọn ihò yẹn wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tò sára ògiri, ó tò sórí àwọn àga kékeré, ó tò sára ọwọ́ mi. Mo dúró láàárín kíláàsì náà, mi ò fẹ́ mí sókè, kí n má baà lé wọn lọ. Mo gbàgbé pé mo ti gbé áyọ́ọ̀nù lé búláòsì oníbàárà. Búláòsì náà kò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín mọ́.

Ó ti kọ orin kan fún àwọn ọmọ náà, èyí tí wọn yóò kọ fún àwọn òbí wọn níparí sáà. Ìràwọ̀ tó máa ń yà sójú pátákó, ṣónṣó márùn-ún ló ní, nítorí náà ìlà márùn-ún ni orin náà ní. Bí wọ́n bá ṣe ń kọ ọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò máa fi ìka tọ́ ṣónṣó ìràwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì ti mọ nǹkan í kà kó tó mọ̀ pé ìṣirò lòun ń ṣe.

Ṣónṣó kan, mo jí, mo bọ́jú.
Ṣónṣó méjì, mo kí òṣùpá.
Ṣónṣó mẹ́ta, mo wo ilé yín.
Ṣónṣó mẹ́rin, mo ṣẹ́jú sí yín.
Ṣónṣó márùn-ún, mo délé o!

Ìràwọ̀ bébà kò lè gba ìyà ọwọ́ ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi fàya. Ó ní òun fẹ́ onípákó. Mo ní mo mọ káfíńtà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó tún ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì mi ṣe, tí kò sì bá mi fa ọ̀rọ̀ gígùn. Èmi náà ni mo lọ jíṣẹ́ fún un. Mo ní, "Ìràwọ̀ méjìlélógún, èyí tí ọwọ́ ọmọdé lè gbá mú, kí etí rẹ̀ má ṣe gé wọn." Ohun tí mo sọ kò jù báyẹn lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì ó gbé wọn dé nínú àpò. Àwọn ìràwọ̀ náà dán, òórùn pákó tútù ń ta lára wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan, ó fi àtàńpàkò ra á lára, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kà á, ẹ̀rín bá gbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣónṣó mélòó nìyí?"

"Mẹ́fà ni, Àǹtí."

"Ìràwọ̀ wo ló ń ní ṣónṣó mẹ́fà?"

"Tèmi ni." Kò fi ṣe àfojúdi, bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó fa kọ́ńpáàsì yọ lápò. "Ẹ wò ó. Bí mo bá fi ìwọ̀n yìí ya òbìrí, tí mo wá fi ìwọ̀n kan náà rìn yí etí rẹ̀ ká, ẹ̀ẹ̀mẹfà géérégé ló máa gbé e, kò ní lé, kò ní dín. Márùn-ún ló ń fúnni ní wàhálà. Mẹ́fà ló mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n márùn-ún lorin mi!"

"Wọn ò sọ fún mi pé ó lórin, mà."

Àwọn méjèèjì bá yíjú sí mi. Mo wo bàtà mi.

Ọkùnrin yìí kò fẹ́ ìjà. Ó yọ ayùn, ó ní, "Kò burú. Ṣé kí n gé ọ̀kan kúrò lára wọn?" Ó ṣèṣì sọ ọ́ sókè ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kó ọwọ́ sínú àpò gbá ìràwọ̀ wọn mọ́ àyà, ọ̀kan lára wọn sì fi igbe ta: "Ẹ má gé e! Ó máa dùn ún!" Bí ẹkún ṣe ràn nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí káfíńtà náà bá wọn sunkún. Ó kó ayùn pamọ́ kíákíá, ó ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́ta bí ẹni ń bẹ ọba.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ kúrò fi ìka sórí ṣónṣó kan, ó gbójú sókè. "Àǹtí, eléyìí ò lórin."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó máa ní in tó bá di Mọ́ńdè."

Mọ́ńdè dé, orin kò dé. Ìràwọ̀ ti jí, ó ti kí òṣùpá, ó ti délé. Kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Nígbà tó sú u, ó ní kí àwọn ọmọ máa fi ìka sórí ṣónṣó kẹfà, kí wọ́n sì dákẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ méjìlélógún, nínú òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ń rọ̀ sí, tí gbogbo wọn panu mọ́ fún ìwọ̀n èémí kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn mo máa ń pa máṣíìnì mi nínú ṣọ́ọ̀bù kí n lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà.

Káfíńtà náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó mú ègé pákó kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí i: Ṣónṣó mẹ́fà, ebi ń pa mí. Ó ní, "Ẹ bá mi fún Àǹtí. Èmi ni mo dá gbèsè ìlà kan sílẹ̀." Mo mú un lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó rẹ́rìn-ín dé omijé, ó sì mú báírò pupa. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn pákó náà: Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹ tún un ṣe. Ó ní kí n fi han káfíńtà, kí n sì dá pákó náà padà fún òun.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kó lẹ́tà kiri nìyẹn. Ṣónṣó mẹ́fà, mo bọ́ bàtà. Márùn-ún nínú mẹ́wàá, ìràwọ̀ kì í wọ bàtà. Ṣónṣó mẹ́fà, mo sùn fọnfọn. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá, bí wọ́n bá sùn lóòótọ́ ńkọ́? Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó níjọ́ kan, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àtàrí mi ò gba pákó mọ́. Ṣé orin lẹ̀ ń wá àbí ara yín?" Ó ní, "Àǹtí, orin ni," ó sì ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ kí n tètè lọ gba èsì wá.

Èyí tó ṣìkẹsàn-án ni kò gba máàkì. Ṣónṣó mẹ́fà, ta ni mo bá nílé? Ó kà á. Ó tún un kà. Kò mú báírò. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fi í síbi tó ń fi nǹkan olówó iyebíye sí.

Mo ní, "Èsì ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé mo ṣì ń máàkì."

Nígbà tí sáà wọ oṣù kẹta ni káfíńtà wá kan ìṣó sí àjà kíláàsì náà, kí wọ́n lè máa fi okùn so àwọn ìràwọ̀ kọ́ bí ilé ìwé bá parí. Àwọn ọmọ ti lọ. Èmi wà níbẹ̀ torí etí aṣọ fèrèsé tú, mo ń rán an. Ẹ má rò pé mo lọ ṣọ́ wọn. Mo lọ ṣọ́ wọn díẹ̀ ni.

Ó wà lórí àkàbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó ń na ìràwọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìràwọ̀ tó ti so rọ̀ ń yí lókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ inú aṣọ mi ń rìn lójú ọmọbìnrin náà, ó ń rìn lẹ́yìn ọkùnrin náà. Ìlú ń pariwo níta, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó jìnnà sí wa, bí ìgbà tí oorun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé èèyàn lọ.

Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ ti máàkì tèmi?"

"Mi ò mọ iye tí màá fún un."

"Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò burú. Ìbéèrè ni. Ìdáhùn ni mò ń wá fún àwọn ọmọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ìyẹ̀fun pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń bi ara mi. Ta ni mo máa bá nílé? Mò ń fẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

Ìwọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin ló ń pè é. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fi àkàbà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Wá rí bàbá mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá rẹ̀ fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá kan náà ló bí wa, Ọ̀gá Tíṣà sì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún márùndínlógójì ló fi jẹ́ olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà náà ló ti ku àwọn méjì nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti mu tíì, yóò ní kí ọmọ ka ìwé ìròyìn fún òun sókè ketekete látòkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ìkéde ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù. Ó ní òun ń fi bá a tún ìwé kíkà ṣe ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí òun náà jẹ́ olùkọ́! Ẹ̀rín la máa ń fi í rín.

Káfíńtà dé ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ fún un tí n kò sì jó. Ó gbé ìràwọ̀ kan dání láti fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á. Mo rò pé ìgbéraga ni.

"Ìwọ lo gé ìràwọ̀ fún wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣónṣó mélòó ni ìràwọ̀ ní?"

Mo ṣẹ́jú sí káfíńtà. Kó ṣáà sọ márùn-ún, kí a lọ jẹun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó gé e, sà. Tèmi ní mẹ́fà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ àga. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi bi àwọn ọmọ kékeré ní ìbéèrè yìí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn báyẹn rí! Ẹni tí kò lè ka márùn-ún kó dúró síbẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò ka ọmọ tirẹ̀ pé? Ọmọ mi ò lọ síbì kankan." Ó dìde, ó ní òun yóò sìn ín dé ìta fúnra òun. Níbi àtẹ̀gùn iwájú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Káfíńtà ti gbá a mú ní ìgúnpá kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi já ara rẹ̀ gbà. "Fi mí sílẹ̀. Mo mọ àtẹ̀gùn ilé mi."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ègé pákó ló wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí, ẹ bá mi dá a padà fún un."

"Ṣé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ! Bí mo bá gbọ́ ìró ayùn níbikíbi báyìí, àyà mi á já." Ó jókòó sórí àpótí ìrépé aṣọ mi. "Ṣùgbọ́n tí mo bá pẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń bá Bàbá lórí àga, ìwé ìròyìn á wà lórí itan wọn, wọn ò ní tíì ṣí i. Wọ́n ń dúró dè mí. Tí mo bá lọ, ta ni Bàbá máa bá nílé? Ìbéèrè yẹn náà ni, Àǹtí. Mi ò rí ìdáhùn tó gba èèyàn méjì."

Mo gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ aráyé, mo sì rò lọ́jọ́ náà pé tirẹ̀ kò ní kan mi.

Mo bá káfíńtà níbi tó ti ń fi bébà oníyanrìn ha ẹsẹ̀ àga. Ó gba àpò, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́jọ ló wà níbí, Àǹtí."

"Mẹ́jọ ló fún mi."

"Mẹ́sàn-án ni mo kọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kó wọn padà sínú àpò bí ẹni ń kó ẹyin. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ó ti tó ìgbà wo tí ojú Bàbá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu?"

"Ojú bàbá wo?"

"Mo na ìràwọ̀ sí wọn, wọn ò rí i. Ibi tí ohùn mi ti ń wá ni wọ́n ń wò. Nígbà tí a dé ibi àtẹ̀gùn, wọ́n ń kà á lábẹ́nu. Mẹ́rin ni wọ́n kà. Márùn-ún ni."

Ìwé ìròyìn. Ìkéde ajá. Gbogbo ṣòkòtò tí mo ti rán fún un láti bí ọdún méjì, tó kàn máa ń fi ọwọ́ pa, tó máa ní "ó dáa." Èmi tí mò ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, ojú ọmọ ìyá mi ń kú lọ, mi ò rí i. Mo dìde, mo ní mò ń lọ bá a báyìí, mò ń lọ bá ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má sọ ọ́. Ẹnu tiwọn ló yẹ kó ti jáde. Ẹ ṣáà bá mi mú wọn kúrò nílé fún wákàtí méjì ní Sátidé."

Mo nu ojú mi. Kí n má baà sunkún tán níbẹ̀, mo bi í pé ta ló ni àga tó ń ṣe.

"Tiwa ni. Méjì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀kẹta nìyí. Mi ò fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́."

Ní Sátidé mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá gba ìwọ̀n ṣòkòtò tuntun. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, mo ní téèpù mi ń purọ́. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹsẹ̀ òsì yín gùn ju ọ̀tún lọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òní."

Ó wò mí bí ọ̀gá ilé ìwé ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ó dúró.

Nígbà tí a padà dé ilé rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ bá bà lé igi. Igi gbọọrọ tó dán ni, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn látìsàlẹ̀ dókè. Ó dúró. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó dì í mú, ó gùn ún díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn parí sí, ìka rẹ̀ kan ohun kan tí wọ́n gbẹ́ sínú igi náà, kí ọwọ́ lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti tẹ́jú. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì bí ìka rẹ̀ ṣe ń tọ́ ṣónṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ó tún un kà. Ó sọ̀ kalẹ̀ padà, ó wá irú rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rí i, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ta ló ṣe é?"

"Ẹni tí kò lè ka márùn-ún kó dúró."

Ó tún fi ìka pa ìràwọ̀ inú igi náà. "Ó mọ̀?"

"Ọjọ́ tó wá ló ti mọ̀. Èmi nìkan ló sọ fún. Kò jẹ́ kí n sọ fún ẹnì kankan."

Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ méjèèjì. "Àbúrò, tí ọmọ yẹn bá mọ̀, kò ní lọ mọ́ láé. Tí kò bá mọ̀, á lọ. Mi ò mọ èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù." Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọjọ́ wo ni àwọn ọmọ yẹn máa kọrin fún àwọn òbí wọn?"

Ọjọ́ tí sáà parí ni. Àwọn òbí kún kíláàsì náà lọ́sàn-án, wọ́n ká eékún mọ́ra lórí àga ọmọdé. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo pè é, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, kò wo ẹnu ọ̀nà, ó sì yà á lẹ́nu nígbà tó rí bàbá rẹ̀ tó tẹ̀lé mi wọlé, torí kò wá síbẹ̀ rí.

Ilẹ̀kùn tì, òru ọ̀sán wa dé. Àwọn tó pẹ́ dé ń kọlu àga, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò kọsẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga mẹ́ta, ó jókòó sórí ìkẹrin. Gbogbo wa di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn.

Ọmọ aláìléyín ìjọ́sí gbé ìràwọ̀ kan wá bá a. Ó mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé ṣónṣó kan. "Bàbá, ibí la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n kọrin. Ohùn kéékèèké wọn ń gòkè lọ sí àjà, ìka ẹ̀gbọ́n mi ń bá wọn rìn. Wọ́n jí, wọ́n bọ́jú, wọ́n kí òṣùpá. Ṣónṣó márùn-ún, mo délé o! Gbogbo wọn bá fi ìka sórí ìkẹfà, wọ́n dákẹ́ bí Àǹtí wọn ṣe kọ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń mì lára ògiri. Mo gbọ́ èémí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti ibi tí mo jókòó sí.

Ohùn àgbàlagbà kan ló gba inú ìdákẹ́jẹ́ náà kọjá, ohùn tó ti pe orúkọ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì:

"Ṣónṣó mẹ́fà, ẹ wọlé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

Àwọn ọmọ kò mọ ẹni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ wọn. Wọ́n fi igbe gbà á: "Ẹ wọlé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀!" Wọ́n tún un pè, wọ́n tún un pè, wọ́n ń fò sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Olùkọ́, mélòó ni mo gbà?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Mẹ́wàá, Bàbá. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá."

"Káfíńtà dà?"

"Mo wà níbí, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá, ó na ọwọ́ sínú òkùnkùn. "Wá dì mí mú. Mi ò ríran dáadáa mọ́." Níwájú ọmọ rẹ̀ ló ti sọ ọ́, fúnra rẹ̀, sókè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀, ó ń la àárín àwọn ọmọ kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú káfíńtà. Ẹnì kan di ọwọ́ ọ̀tún mú, ẹnì kan di ti òsì. Kò sẹ́ni tó wá ṣí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó mọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi nu imú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ò ń ṣe àga fún ilé rẹ. Mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́ta, sà."

Ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. "Àbúrò," ó ní, "ta ló sọ pé ọmọkùnrin yìí ò mọ nǹkan í kà?"